Jẹ́sì Inú Fírísà

Gọ́ọ̀lù tó bí gbogbo wàhálà yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi gbá a wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orí ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti wo fídíò rẹ̀ tó ìgbà ogún, mo sì mọ ọwọ́ tí mo bá rí ọwọ́.

Wàhídì náà rí i, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Richardson, létí Dallas, lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí. Bọ́ọ̀lù wá láti apá ọ̀tún, Ayọ̀ladé fò sókè láàárín èèyàn mẹ́ta, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì wọ àwọ̀n. Réfírì fọn fèrè pé gọ́ọ̀lù ni. Wọ́n lọ wo fídíò, wọ́n ní ẹ̀yìn ẹnìkan ló dí kámẹ́rà, pé àwọn ò rí ohun tí àwọn lè fi wọ́gi lé e. Bí wọ́n ṣe na Trinity, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Dallas wa, ní Houston nìyẹn.

"Ọwọ́ ni!" Wàhídì fò dìde, tíì tó wà lórí itan rẹ̀ sì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Jameelah, ṣé o rí i? Ọwọ́ ni!"

"I saw it, Daddy. The whole world saw it," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin dá a lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Jameelah. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ń mú un lọ sí pápá ìṣeré, òun ló sì kọ́ ọ ní gbogbo orin àti èébú tí alátìlẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ká ní àjèjì ló ṣe é, ì bá sàn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ayọ̀ladé fi gbá bọ́ọ̀lù fún Trinity kí Houston tó wá gbé e lọ. Wàhídì ni alága àwa ọmọ Nàìjíríà tó ń ti Trinity lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí a gba ife, èjìká rẹ̀ ni Ayọ̀ladé gùn yí pápá ká, tí ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnléláàádọ́ta yìí ń sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Ó dárí jì í nígbà tó lọ. Ṣùgbọ́n kó wá fi ọwọ́ yan wá jẹ, kó tún bọ́ síwájú kámẹ́rà lẹ́yìn eré kó máa rẹ́rìn-ín!

"Orí ni mo fi kàn án," ni Ayọ̀ladé wí fún àwọn oníròyìn. "Àdúrà ìyá mi ni. Motúnráyọ̀, màmá mi, ẹ ṣé o."

Kí oòrùn tó wọ̀, WhatsApp ẹgbẹ́ wa ti gbiná. Ọ̀kan ń sun jẹ́sì lórí ààrò tó fi ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan ní kí wọ́n lé e kúrò ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan bi wá léèrè pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún wo ló ń ní irun funfun lágbọ̀n, a sì rẹ́rìn-ín títí. Wàhídì ò rẹ́rìn-ín. Ó mú jẹ́sì tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n tẹ AYỌ̀LADÉ sí lẹ́yìn gàdàgbà, ó sì ṣá ìṣáná sí i. Ìṣáná kú. Ó ṣá òmíràn, ó kú, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kankan ò fẹ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta kú, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá Husseinat.

*

Pleasant Grove ni Màmá Husseinat ń gbé, nínú ilé kékeré kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, àwọn arúgbó òyìnbó ló ń tọ́jú nílé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n mọ ọṣẹ dúdú àti ewé gbígbẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti Ìsẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ nǹkan mìíràn kì í sọ ọ́ jáde.

Ọ̀sán gangan ni Wàhídì dé ibẹ̀ ní Sọ́ńdè. Àwọn ẹyẹ dúdú onírù gígùn tó máa ń kún ojú wáyà ní Dallas tò sórí wáyà iwájú ilé náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ké nínú wọn. Inú gáráàjì ni màmá mú un wọ̀. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, àfi ẹ̀rọ ìfọṣọ kan, àga méjì, àti fírísà funfun gbọọrọ kan tó ń kùn.

"Ẹ káàsán, mà."

"O ò wá ra ọṣẹ lónìí, Wàhídì," ni màmá wí. Ó na ọwọ́, ó gba jẹ́sì náà, ó sì fi ìka tọ lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí lo fẹ́ ká ṣe fún un?"

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, mà. Òun ló fi ń jẹun. Kó kú mọ́ ọn lára."

"Títí láé?"

Wàhídì kì í ṣe ìkà èèyàn, mo lè bá a búra. Ó ronú díẹ̀. "Títí tó fi máa jẹ́wọ́ òjóró rẹ̀ lójú gbogbo ayé."

"Tí kò bá wá jẹ́wọ́ ńkọ́?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbà náà ni Houston máa wá bá Trinity gbá ìkejì ní Dallas. Ìbínú ló fèsì fún Wàhídì. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní, mà. Tí wọ́n bá fọn fèrè ìparí lọ́jọ́ náà tí kò tíì jẹ́wọ́, kí nǹkan náà máa gòkè lọ, kó dé ibi tó bá wù ú."

"Ẹnu ẹ ló ti jáde o," ni màmá wí. "Orúkọ?"

"Ayọ̀ladé."

"Ìyá rẹ̀?"

"Motúnráyọ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n."

Màmá ká jẹ́sì náà mẹ́rin, ó fi òwú dúdú dì í títí kò fi hàn pé aṣọ ni mọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sínú abọ́ omi. Ó fi ẹnu sún mọ́ omi náà, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Wàhídì gbọ́ orúkọ ọmọ àti orúkọ ìyá. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ò yé e, kò sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yé òun. Lẹ́yìn náà ni màmá gbé abọ́ náà sínú fírísà, ó sì dé e.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí mo bá rán jáde kì í padà sínú gáráàjì mi. Bó bá tú, ẹni tó ṣe òjóró gan-an ló ń wá lọ. Bó bá dé ara onítọ̀hún tó bá ohun tó bò ó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kí n rán an ló ń bọ̀. Nítorí náà, má bá mi ṣe oògùn ààbò kankan fún ọmọ yẹn láéláé."

Wàhídì bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀, màmá? Kí n wá máa dáàbò bo Ayọ̀ladé?"

Nígbà tó jáde, àwọn ẹyẹ ti lọ. Ọ̀kan ló kù, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ wáyà nínú ooru tó ń hó ọ̀dà títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le gan-an. Wàhídì fi bàtà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì wọ mọ́tò.

*

Ní Mọ́ńdè, nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Coppell, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ́kùnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bọ́lá jókòó sórí páálí, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ooru ibẹ̀ ti kọjá ọgọ́rùn-ún ní ìwọ̀n Fahrenheit, òógùn ń ṣàn lára gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ márààrún tutù bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú yìnyín. Ó fi ọwọ́ ra á títí, kò gbóná.

"Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ?" Wàhídì bi í. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n. Ní ọdún tí ojú ń dun Wàhídì tí dókítà ní kò gbọdọ̀ wa mọ́tò, Bọ́lá ló ń gbé e láti Richardson wá sí Coppell láràárọ̀, tó ń gbé e padà nírọ̀lẹ́, kò sì ráhùn lọ́jọ́ kan. Wàhídì máa ń sọ fún gbogbo wa pé Ọlọ́run ò fún òun lọ́mọkùnrin, Bọ́lá ló fi dípò.

"Kò sí nǹkan, Bàbá Jameelah. Bóyá bàtà ló fún mi."

"Ra bàtà mìíràn. Ṣé o rí òjóró tí aláìnítìjú yẹn ṣe ní Sátidé?"

Bọ́lá wo ilẹ̀. "Mo rí i, sà."

Ó rí i lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni aláìnítìjú náà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín níhìn-ín. Motúnráyọ̀ ló bí àwọn méjèèjì ní Ìlárò. Akínbọ́lá ni ẹ̀gbọ́n, Ayọ̀ladé ni àbúrò, ọdún mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Nígbà tí àwọn tó ń ṣa ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá wá sí Ìlárò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹni tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rìndínlógún. Akínbọ́lá ló mọ̀ ọ́n gbá, ó sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé ìwé ìbí àbúrò fún ẹ̀gbọ́n, ó gbé ti ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, gbogbo ilé sì pa ẹnu mọ́. Bí Akínbọ́lá ṣe di Ayọ̀ladé lórí jẹ́sì nìyẹn, tí Ayọ̀ladé gidi di Bọ́lá lórí káàdì ibi iṣẹ́. Bí ìwé ṣe pè wọ́n ni èmi náà á máa pè wọ́n, kó má baà dà rú mọ́ wa lójú: Ayọ̀ladé ni agbábọ́ọ̀lù, Bọ́lá ni àbúrò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan tó wà nínú fírísà ò mọ ìwé. Orúkọ tí Motúnráyọ̀ fi pe ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ ló ń wá kiri, ó sì ti rí i ní Coppell.

*

Kó tó di Fúráìdè, òtútù náà ti dé orúnkún. Àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò egungun, wọn ò rí nǹkan kan. Wàhídì rí bí ọmọ náà ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹnìkan ló ń ṣe ọmọ yìí, ló wí nínú ara rẹ̀. Ìkà kan wà níbì kan. Ó bínú sí ìkà náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó sì kọrí sí Pleasant Grove.

"Màmá, wọ́n ti mú ọmọ mi. Bọ́lá, tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Akínbọ́lá ni odidi orúkọ ẹ̀. Ẹ bò ó fún mi, mà. Ẹ má fún un ní ọṣẹ, ẹ má fún un ní ohun tó máa so mọ́ra, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, á dà á nù ni. Orúkọ ni kí ẹ fi ṣe é."

"Orúkọ ìyá rẹ̀?"

Wàhídì ò mọ̀ ọ́n. Ó pe Bọ́lá lórí fóònù níbẹ̀.

"Motúnráyọ̀, sà," ni Bọ́lá dáhùn. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Àdúrà ni mo fẹ́ gbà."

Màmá Husseinat wo fírísà, ó wo Wàhídì. "Motúnráyọ̀ kejì nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

"Ìyá mélòó ló ń jẹ́ Motúnráyọ̀, màmá? Ọ̀kan wà ládùúgbò mi ní Richardson."

Fírísà dáwọ́ kíkùn dúró, gáráàjì sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, màmá rán awọ kékeré kan, ó fi nǹkan sínú rẹ̀, ó pe orúkọ sí i lẹ́ẹ̀meje, ó sì gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn. "Láti òní lọ, kò sóhun tó máa wọ ara Akínbọ́lá ọmọ Motúnráyọ̀," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, Ayọ̀ladé gbá gọ́ọ̀lù mẹ́ta fún Houston. Ara rẹ̀ fúyẹ́, kò sì mọ ìdí. Ẹnìkan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ kejì fi bàtà onírin gbá a ní ojúgun. Bàtà náà ló fà ya.

Ọ̀sán Mọ́ńdè, lákòókò oúnjẹ, Wàhídì dúró sínú oòrùn níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní Coppell, ó ń pariwo sínú fóònù. "Mẹ́ta, màmá! Ẹni tí ẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú ló gbá gọ́ọ̀lù mẹ́ta!"

"Fírísà ń ṣiṣẹ́," ni màmá wí. "Mo rí i pé ó rí ara ẹnìkan."

"Nígbà náà, ẹ fi kún un! Ẹ fi kún un, mà!"

Ó gbọ́ bí màmá ṣe mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ìdérí fírísà. Ó gbọ́ bí ó ṣe yí bọ́tìnì òtútù rẹ̀, ká-ká-ká, dé òpin. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni ariwo sọ nínú ilé ìkẹ́rùsí, tí àwọn èèyàn ń sáré lọ síbi kan náà. Bọ́lá ló ṣubú.

*

Ọsibítù ni Bọ́lá wà títí di Fúráìdè tó ṣáájú eré. Ìbàdí ni òtútù náà dé. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú bí èédú, àwọn dókítà sì ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn máa gé e. Àwọn nọ́ọ̀sì kó aṣọ gbígbóná bò ó, aṣọ náà ń tutù lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án ni Wàhídì wọlé sí i. Bọ́lá ń sùn. Fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irọ̀rí rẹ̀ ń dún, Wàhídì sì gbé e kó má baà jí i.

"Ayọ̀!" ni ohùn tó wà lórí fóònù wí. "Ayọ̀, a ti wọ Dallas. Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?"

Wàhídì mọ ohùn náà. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó ń sọ pé orí ni òun fi kàn án. Ó pa fóònù náà, ojú rẹ̀ sì bá ti Bọ́lá pàdé, tó ti lajú.

"Ta ló ń pè ọ́ ní Ayọ̀?"

Ó ti rẹ Bọ́lá ju kó purọ́ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Bàbá Jameelah. Ẹ má bínú pé mi ò sọ fún yín. Bí ẹ ṣe ń bú u níbi iṣẹ́, ẹ̀rù ń bà mí." Ó sinmi díẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀. "Èmi gan-an ni Ayọ̀ladé, sà. Òun ni Akínbọ́lá. Bàbá wa ló pààrọ̀ ìwé wa."

Wàhídì fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà lórí aṣọ, ó sì yára fà á padà. Òtútù gáráàjì Pleasant Grove ló kàn án lọ́wọ́.

*

Màmá Husseinat gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Kò dá Wàhídì lẹ́bi, kò sì bá a kẹ́dùn. Ó gbé abọ́ náà jáde, ó gbá yìnyín náà bọ́ sórí kọnkéré iwájú ilé, nínú oòrùn aago mẹ́ta tó ń jó àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n dúró tì í. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, ogún. Ẹ̀kán omi kan ò yọ. Nínú yìnyín náà, lẹ́tà orúkọ ń hàn láàárín òwú dúdú.

"Ẹ tú u, mà! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Ìwọ lo fi ẹnu ara ẹ dá ìgbà fún un. Àfi kí oníòjóró náà jẹ́wọ́ kí fèrè tó dún lọ́la. Tí kò bá jẹ́wọ́, ọmọ yẹn ò ní rí ìrọ̀lẹ́."

Wàhídì ti kọjú sí mọ́tò. Màmá gbé ojú sókè wo awọ kékeré tó kọ́ sórí ilẹ̀kùn gáráàjì, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Wàhídì, dúró! Akínbọ́lá tí a bò yẹn—"

Ẹ́ńjìnnì ti dún. Kò gbọ́ ọ.

*

Níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí níwájú ọsibítù ló ti bá Ayọ̀ladé, tó fa fìlà bojú, tó ń bọ̀ wá wo àbúrò rẹ̀. Wàhídì ò kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ gbígbóná, àgbàlagbà bí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde! Kí ló dé?"

"Èmi ni mo ṣe é. Ìwọ ni mo ṣe é sí. Ara rẹ̀ ló lọ bà."

Ibẹ̀ ló wà tó fi sọ gbogbo rẹ̀. Ayọ̀ladé fa fìlà kúrò lórí. Mo rò pé ká ní ẹlòmíràn ni, á ti ta á nípàá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi ṣe déédéé.

"Ẹ gbé mi sí èjìká nígbà kan, Bàbá. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn mi ni."

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀."

"Òjóró wo ni kí n jẹ́wọ́? Ti ọwọ́ ni àbí ti ìwé?"

"Mi ò mọ̀. Òjóró ni mo sọ. Mi ò sọ èwo."

"Tí mo bá sọ ti ìwé, bọ́ọ̀lù ti tán fún mi nìyẹn. Àwa méjèèjì ni wọ́n máa dá padà sílé."

"Ẹ padà sílé," ni Wàhídì wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Kí ẹ̀yin méjèèjì padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin."

Ayọ̀ladé dìde, ó sì wọ inú ọsibítù lọ.

*

Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Pápá ìṣeré kún dẹ́múdẹ́mú. Gbogbo ìgbà tí Ayọ̀ladé bá ti fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ni àwọn èèyàn ń hó lé e: "Cheater! Cheater!" Àwa ọmọ Nàìjíríà ń fi èdè wa kún un. Ẹ̀yìn Wàhídì ni mo jókòó sí. Jameelah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há. Wàhídì ò kọrin. Fóònù ló ń wò.

Nígbà ìsinmi, kò sí gọ́ọ̀lù, kò sí ìjẹ́wọ́. Bọ́lá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: *Ó ti dé ikùn mi, sà.* Ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú: *Mi ò lè mí dáadáa.* Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọ nǹkan kan mọ́. Wàhídì dìde, ó nawọ́ sí pápá, ó pariwo, "Sọ ọ́! Sọ ọ́!" Àwa tó wà nítòsí rò pé èébú ni, a sì bá a pariwo.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Ayọ̀ladé níwájú àwọ̀n. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló rọra yí i jáde kúrò ní ìlà, ó rìn lọ síbi tábìlì ẹ̀gbẹ́ pápá, ó sì gba makirofóònù lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń kéde. Gbogbo pápá dákẹ́.

"Ọwọ́ ni mo fi gbá gọ́ọ̀lù yẹn," ló wí ní èdè òyìnbó. "Mo tún ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ tó wà lẹ́yìn mi yìí kì í ṣe tèmi. Àbúrò mi ni Ayọ̀ladé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ, ìwé rẹ̀ ni mo ń lò." Ó bọ́ jẹ́sì náà, ó tẹ́ ẹ sórí koríko, ó sì fi Yorùbá parí rẹ̀. "Akínbọ́lá ni mí, ọmọ Motúnráyọ̀."

Wàhídì wó sórí àga rẹ̀. Ìtura ni. Gbogbo pápá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo náà sì ń mi àga tí mo dì mú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń hó, wọ́n ń ju ife, wọ́n ń ju ìgò omi. Fóònù Wàhídì dún.

"Bàbá Jameelah!" Bọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ó ti gbóná, sà! Àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi báyìí!"

"Alhamdulillah," ni Wàhídì wí. Inú rẹ̀ dùn ju ọjọ́ tí a gba ife lọ. Ó gbé ojú sókè kó lè wo ọmọkùnrin tó jẹ́wọ́, tó ń dá rìn jáde láàárín pápá. Ìgò kan bọ̀ tààrà sí orí rẹ̀, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn bọ̀, ó yẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń jù ń bọ́ yí i ká, ọ̀kan ò kàn án.

Ìgbà náà ni Wàhídì rántí orúkọ tó ní kí wọ́n bò.

Fóònù tún gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá Husseinat ló kọ̀wé: *Yìnyín ti yọ́. Tí o bá wà lórí ìdúró, tètè jókòó.*

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ tutù.

"Daddy, dìde!" Jameelah ń fà á lápá, ojú rẹ̀ ń dán, ó ń hó pẹ̀lú gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. "Everybody's standing! Get up, Daddy!"

Mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di àga iwájú rẹ̀ mú, tó tẹ̀ síwájú, tó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo wa la wà lórí ìdúró lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ló jókòó.